Fíríìsì-dráyà nílé l'Ógbómọ̀ṣọ́: yàtọ̀ sí oúnjẹ, kí la tún lè fi ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí mi, fíríìsì-dráyà ni wọ́n ń pè é. Ó tó fíríìjì kékeré, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ ní kí n máa fi gbẹ oúnjẹ pamọ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi nìkan ni mò ń gbé ilé ní Ọ̀ṣùpá níbí. Oúnjẹ wo ni mo fẹ́ gbẹ? Èlùbọ́ wà, orúnlá wà, ata gbígbẹ wà, oòrùn ló gbẹ gbogbo wọn, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni mo tún lè fi ẹ̀rọ yìí ṣe? Àbí kí n tà á?

*

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ má tíì tà á.

Fíríìjì àti firísà ni mò ń tún ṣe níbí. Mo tún ń bá ìdílé kan tọ́jú irú ẹ̀rọ yìí lápá Under-G, ó ń lọ sí ọdún kejì báyìí, mo sì ti tú pọ́ǹpù rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ti mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, orúkọ rẹ̀ lẹ ò mọ̀. Ẹran tẹ́ ẹ gbàgbé sísàlẹ̀ firísà fún oṣù mẹ́ta, tí etí rẹ̀ wá funfun, tó le bíi páálí: yìnyín inú rẹ̀ ló fò lọ láì kọ́kọ́ di omi. Ohun tí firísà ń fi oṣù mẹ́ta ṣe ní àbùkù yìí ni ẹ̀rọ yín ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ọjọ́ kan ààbọ̀ ṣe. Yóò kọ́kọ́ mú nǹkan dì gan-an, bí ìwọ̀n 30 sí 40 sísàlẹ̀ òdo. Lẹ́yìn náà, pọ́ǹpù yóò fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí tí ohun tó kù kò fi ní tó ìdá 6 nínú 1000 agbára afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Tó bá ti dé ibẹ̀, omi ò lè jẹ́ omi mọ́. Yálà kó jẹ́ yìnyín tàbí kó jẹ́ oru. Ẹ̀rọ yóò wá máa ta ooru díẹ̀díẹ̀ sí tíréè, yìnyín yóò di oru, oru yóò lọ lẹ̀ mọ́ ògiri tútù inú ẹ̀rọ.

Torí pé omi ò ṣàn nínú rẹ̀, nǹkan kì í súnkì, àwọ̀ kì í ṣí, inki kì í ràn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí: ohun tí oòrùn mọ̀ ọ́n gbẹ, ẹ fi sílẹ̀ fún oòrùn. Ohun tí oòrùn máa ń bà jẹ́ ni kẹ́ ẹ gbé sínú ẹ̀rọ.

*

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ láti àná. Bí mo ṣe kà á, apá méjì ló pín sí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ tí kò bá iná wa mu ni, kí mà wá ẹni gbé e fún. Àwọn kejì, ọ̀pọ̀ wọn ló wà lókè òkun, ń ka oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ gbẹ mọ́ínmọ́ín, ẹ gbẹ ẹyin, ẹ gbẹ ọbẹ̀, ó lè pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kó má bàjẹ́.

Ta ló fẹ́ jẹ mọ́ínmọ́ín ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ní ìlú tí wọ́n ti ń gbé e gbóná kọjá lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀?

Ti iná, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ń jẹ bíi kìlówáàtì kan, ó ń lé díẹ̀ nígbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti pọ́ǹpù bá jọ ń ṣiṣẹ́. Tó bá lo ọgbọ̀n wákàtí, yúníìtì 30 nìyẹn. Ní ₦225 tí wọ́n gbé yúníìtì Band A lé ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦6,750 ni fún ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kìlò mẹ́ta máńgòrò tẹ́ ẹ fi sí i, bí ìdajì kìlò lẹ máa kó jáde. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣòwò, kó lọ bi àwọn tó ń tajà ní Wàsó bóyá wọn á rà á níye yẹn.

Wàhálà mìíràn tún wà. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún Band A, ẹ̀rọ yìí sì fẹ́ ọgbọ̀n wákàtí láìdáwọ́ dúró. Àárín wákàtí mẹ́rin tó kù yẹn gan-an ni mo ti jìyà.

*

Ẹ ní kí n sọ ìyà náà. Ó dáa.

Ìgbà máńgòrò ni. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí l'Ógbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, máńgòrò á máa já bọ́ lórí páànù lóru bíi pé ẹnì kan ń sọ òkò. Mo gé e pẹlẹbẹ, mo tò ó sí tíréè mẹ́rin, mo tan ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́, mo sì lọ sùn. Lóru, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé, epo wà nínú rẹ̀, èmi ni mi ò jí.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ láàárọ̀, máńgòrò ti yọ́, ó sì ti hó: pọ́ǹpù ti fa afẹ́fẹ́ tán, nǹkan tó bá yọ́ nínú ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ máa ń ru bíi ọṣẹ. Ó ta mọ́ ògiri, ó wọ abẹ́ tíréè, ó gba ẹnu rọ́bà tí omi ń gbà jáde ṣàn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èèrà ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀, ọ̀nà méjì, àwọn tó ń lọ àtàwọn tó ń bọ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sì da ọ́ìlì pọ́ǹpù nù torí omi ti wọ̀ ọ́, ó funfun bíi mílíìkì.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tan án láìjẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ti wà nítòsí, kí ẹnì kan sì wà lójúfò. Ínfátà oníbátìrì méjì lè fa á fún wákàtí mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Ó tó fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ pẹ́.

Mà, kó tó di pé ẹ ki í bọ iná rárá: ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Bó bá kọ 110 fólítì, ẹ má ṣe é. 230 ni tiwa. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra tiransífọ́mà. Tiransífọ́mà á mú 230 wá sí 110 lóòótọ́, ṣùgbọ́n 60 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ (Hz, iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ò ní di 50 tiwa. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60 máa ń lọ́ra tó sì ń gbóná lórí 50. Ẹ ya fọ́tò bébà náà kí n rí i.

*

Sí àbúrò tó béèrè fóònù tó bọ́ sómi: rárá. Bátìrì inú fóònù lè wú níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe.

*

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ewé àgbo, ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀, mo sì ti dán an wò. Ewúro, ewédú àti ewé ẹ̀gẹ́ jáde ní àwọ̀ ewé tútù gan-an, ẹ fọwọ́ kàn án, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ewédú náà ṣì fà nígbà tí mo tú u sómi gbígbóná. Efinrin àti ewé tíì ni wọn ò dùn mọ́ mi nínú: àwọ̀ wà, òórùn ti lọ lára wọn, torí nǹkan tó ń ta sánsán nínú ewé, pọ́ǹpù yẹn máa ń fà á lọ pẹ̀lú oru. Ẹ jẹ́ kí efinrin máa gbẹ lábẹ́ òjìji bó ṣe ń gbẹ látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ni pé wọn ò ṣeé gbé kalẹ̀. Ní oṣù keje tí òjò ń rọ̀, mo gbé abọ́ ewédú kan sórí tábìlì kí n lọ gbé ìgò wá. Ìpè kan wọlé. Kí n tó padà dé, ewé tó ń ró pàrà-pàrà ti rọ̀ bí aṣọ. Inú ìgò onídérí tó pa dáadáa ni, lójú ẹsẹ̀.

Epo pupa, bọ́tà: ẹ má dán an wò. Òróró kì í gbẹ, omi nìkan ló ń gbẹ.

*

Mo rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ọ̀rọ̀ lọ síbi súwíìtì. Bẹ́ẹ̀ ni, Skittles máa ń wú nínú rẹ̀, á wá ró ní ẹnu bíi ìpékeré. Ẹ tà á fún ara yín ní Under-G, mi ò bá yín jà. Ẹni tó ní kájú, tí ẹran èso rẹ̀ ń jẹrà lóko lẹ́yìn tí wọ́n ti ka kóró, ìyẹn ló wù mí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣúgà rẹ̀ pọ̀, ó lẹ̀ mọ́ tíréè, ọ̀bẹ ni mo fi họ ọ́. Ó dùn ṣá o. Mi ò tíì mọ ọ̀nà tí n ó gbà ṣe é.

Ti òdòdó ìgbéyàwó, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sùúrù ni. Òdòdó kì í gbẹ lọ́jọ́ kan ààbọ̀ bí ewé. Ọjọ́ púpọ̀ ni, àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ ṣe lè fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi owó iná lé e kẹ́ ẹ tó dá iye lé ìyàwó.

*

Ìjà tí mi ò retí: omi tó ń yọ́ jáde lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹnì kan ní omi mímọ́ ni, torí ó ti di oru kó tó padà dì, kí á máa bù ú sí bátìrì ínfátà dípò kí á máa rà. Ó dà bí òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbóòórùn omi náà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbẹ àlùbọ́sà. Ohun tó bá oru fò, tó bá oru dì, inú omi yẹn ló wà, pẹ̀lú ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ògiri tẹ́lẹ̀. Èmi fi ń bomi rin òdòdó. Bátìrì mi, omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni mò ń bù sí i, torí mo mọ iye tí mo rà á.

*

Ọ̀rọ̀ wàrà ọmú. Ìyá kan tó ń padà síbi iṣẹ́ béèrè, àwọn èèyàn sì ti ń sọ fún un pé kó ṣe é, pé àwọn kan ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù.

Ẹ̀rọ yìí kì í pa kòkòrò àrùn. Ó ń mú un sùn ni. Ẹ rántí abẹ́rẹ́ éèyi tí wọ́n ń gún fún ọmọ olóṣù mẹ́sàn-án. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ló wà nínú ìgò yẹn, nọ́ọ̀sì ló ń fi omi rẹ̀ pò ó kó tó gún un. Irú gbígbẹ yìí gan-an ni wọ́n gbẹ ẹ́, kòkòrò tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ìyẹ̀fun, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń tọ́jú kòkòrò tí a fẹ́ ló ṣe ń tọ́jú èyí tí a ò fẹ́. Ohun tó bá bọ́ sínú wàrà láti ọwọ́, láti tíréè, láti ìgò, á dúró síbẹ̀ títí omi yóò fi tún kàn án. Ọmọ jòjòló ni yóò sì mu ún. Firísà lásán ti tó fún wàrà ọmú. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó bi dókítà rẹ̀, kó má bi oní-fíríìjì.

Ẹran tútù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ sè é kẹ́ ẹ tó gbẹ ẹ́, tàbí kẹ́ ẹ rí i dájú pé ẹ ó sè é lẹ́yìn rẹ̀.

*

Ìyá wa tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ èyí, mo gbé e wá síbí kí gbogbo ayé rí i:

*"Òjò alẹ́ àná ká páànù lórí ìyẹ̀wù ẹ̀yìn. Àpótí ìwé bàbá àwọn ọmọ rin gbingbin: ìwé ilẹ̀, sáàtífíkéètì rẹ̀, ìwé orin, àwọn lẹ́tà tó kọ sí mi kí á tó fẹ́ra. Mo ti ń sá wọn sóòrùn láti àárọ̀. Wọ́n ń lẹ̀ pọ̀. Ṣé ẹ̀rọ yìí lè ràn mí lọ́wọ́?"*

Mà, ẹ kó wọn kúrò lóòrùn nísinsìnyí. Ẹ má ka èyí tó kù kẹ́ ẹ tó kó wọn.

Ẹ má ya ojú ìwé kankan kúrò lára ìkejì. Ẹ má nù ún. Èyí tó ti lẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ pọ̀. Ẹ dì wọ́n ní ìdì kéékèèké sínú ọ̀rá tó mọ́, kẹ́ ẹ má fi bébà ìròyìn wé e o, inki rẹ̀ á ràn, kẹ́ ẹ sì kó wọn sínú firísà, ẹran àti ẹja lápá kan, ìwé lápá kan. Ìwé tó tutù báyìí, bí ọjọ́ méjì ni ó ń fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu nínú ooru wa yìí. Tó bá ti dì nínú firísà, ó lè dúró fún oṣù mélòó kan, ẹ ti rí àyè simi.

Fọ́tò, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀. Wọn kì í fẹ́ ẹ̀rọ yìí, ojú wọn máa ń ní àmì. Ẹ fi omi tútù tó mọ́ ṣàn wọ́n, ẹ tẹ́ wọn sí ibi tí atẹ́gùn wà, ojú sókè. Sáàtífíkéètì tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò, níbi tí omi ti rí àyè wọlé, ẹ fi abẹ felẹ́ la etí ọ̀rá náà díẹ̀, kí oru rí ọ̀nà gbà.

*

Ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ta ló ń gbẹ ìwé nínú ẹ̀rọ oúnjẹ: ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1973, iná jó ilé tí wọ́n kó fáìlì àwọn sójà Amẹ́ríkà sí ní St. Louis. Fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18 ló jóná. Àwọn tí iná ò jó, omi panápaná ti rin wọ́n. Inú yàrá fákúùmù ńlá kan (tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde) ní ilé-iṣẹ́ McDonnell Douglas, tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ òfúrufú, ni wọ́n kó wọn lọ gbẹ. Iṣẹ́ kan náà ni, títóbi ló yàtọ̀.

*

Àbọ̀ rèé, torí ẹ̀ ń béèrè.

Mo dé ilé ìyá wa ní Ọ̀ṣùpá. Bébà ẹ̀yìn ẹ̀rọ wọn: 110, 60. Bí mo ṣe rò. Nítorí náà mo kó àwọn ìdì ìwé tó ti dì sínú kúlà, ó di Under-G. Mo fi ọtí nu inú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn àlùbọ́sà má bàa wọ ìwé ilẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Mo dín ooru tíréè kù pátápátá, mi ò jẹ́ kó kọjá ìwọ̀n 25. Ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ ló gbà, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì jí lẹ́ẹ̀mẹta.

Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti gbẹ: mo wọ̀n ọ́n. Ìdì tó tóbi jù jẹ́ gíráàmù 1,420 nígbà tó wọlé. Mo ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, nígbà tó dé 850 tí kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, mo pa ẹ̀rọ. Ìwé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń gbẹ jù, tẹ́ ẹ bá ká a, á kán. Mo tẹ́ wọn sórí tábìlì fún ọjọ́ kan kó tún fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ kí n tó dá wọn padà.

Ìwé ilẹ̀: máàpù rẹ̀ ṣe kedere, òǹtẹ̀ pupa rẹ̀ ò ràn ju bí òjò ṣe fi í sílẹ̀. Ìwé orin ò padà sí bó ṣe wà; ẹ̀yìn rẹ̀ wú, kò ní pa dé mọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bébà méjì tí wọ́n ti sá sóòrùn kí wọ́n tó kọ̀wé sí wa ni mi ò rí nǹkan ṣe sí. Wọ́n ti di ẹyọ kan.

Àwọn lẹ́tà wà nínú àpòòwé aláwọ̀ búlúù, wọ́n gbẹ dáadáa. Mà bi mí bóyá mo kà wọ́n. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n fi Ọlọ́run búra. Mo búra.

Ẹ̀rọ wọn ṣì wà nínú ìyẹ̀wù, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ẹni tó bá mọ ẹni tó lè pààrọ̀ pọ́ǹpù àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ sí ti 230, 50, kó kọ ọ́ síbí.